A Kì Í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí: Ìlànà Fóònù Alágbèéká láti Ìran Kìíní dé Ìran Kẹfà

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Òṣogbo lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ yóò la Ìlobù kọjá, ìlú tí a mọ̀ mọ odò Erinlẹ̀. Láyé àtijọ́, bí ìyá kan ní Ìlobù bá ní ọ̀rọ̀ pàjáwìrì tí ó fẹ́ bá ọmọ rẹ̀ sọ ní Èkó, ọ̀nà tí ó ṣí sílẹ̀ fún un kò ju mẹ́ta lọ. Ó lè fi lẹ́tà ránṣẹ́. Ó lè rán awakọ̀. Tàbí kí ó wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú ńlá, kí ó lọ tò sí ìdí tẹlifóònù ìjọba. Lónìí, ìyá náà jókòó sí ìsọ̀ rẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ àpò, ọ̀rọ̀ sì ti parí. Ìyípadà yìí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún.

Tọmọdé tàgbà ni ó ń pe 2G, 3G, 4G àti 5G lẹ́nu báyìí. Ìran ni lẹ́tà G yẹn dúró fún: ìran kejì, ìran kẹta, ìran kẹrin, ìran karùn-ún. Ìran kẹfà sì ti wà nínú oyún. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í bèèrè ni pé: ta ni ó ń bí àwọn ìran wọ̀nyí? Níbo ni wọ́n ti ń sọ wọ́n lórúkọ? Ta ni ó sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sọ wọ́n lórúkọ? Ìbéèrè wọ̀nyí kì í ṣe ti àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ nìkan. Ó kan olùkọ́, ó kan akẹ́kọ̀ọ́, ó sì kan èdè Yorùbá fúnra rẹ̀.

Kí ni ìlànà?

Kò sí ẹni tí ó yẹ kí ọ̀rọ̀ ìlànà tètè yé ju olùkọ́ èdè lọ. Nígbà tí àwọn ajíhìnrere kọ́kọ́ ń kọ Yorùbá sílẹ̀, kálukú ni ó ń kọ ọ́ bí ó ti rí i. Ní ọdún 1875, ìjọ CMS pe ìpàdé ní Èkó lórí bí ó ti yẹ kí a máa kọ èdè náà. Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ni ó ṣe alága ìpàdé yẹn. Lẹ́yìn náà, àwọn ìgbìmọ̀ ọdún 1966 àti 1969 tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò, nígbà tí ó sì di ọdún 1974, ìjọba fi ọwọ́ sí àkọtọ́ tí a ń lò ní ilé ẹ̀kọ́. Àdéhùn ni àkọtọ́. Nítorí rẹ̀ ni ẹni tí ó wà ní Ìlobù fi lè ka ohun tí ẹni tí ó wà ní Abẹ́òkúta kọ, bí wọn kò tilẹ̀ rí ara wọn rí.

Fóònù náà ní àkọtọ́ tirẹ̀. Fóònù tí wọ́n ṣe ní Finland gbọ́dọ̀ gbọ́ ohun tí òpó tí wọ́n ṣe ní Sweden tàbí ní China ń sọ. Irú ìgbì wo ni wọn yóò lò? Ta ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀? Báwo ni wọn yóò ṣe mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí? Àdéhùn lórí gbogbo ìwọ̀nyí ni à ń pè ní ìlànà. Bí àdéhùn náà bá yí padà pátápátá, a ó ní ìran tuntun dé. Àjọ ITU, tí ó jẹ́ ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Geneva, ni ó ń sọ ohun tí ìran kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ lè ṣe. Àwọn tí ó ń kọ àlàyé rẹ̀ ní ẹsẹ kọ̀ọ̀kan ni ẹgbẹ́ 3GPP, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1998.

Ìran kìíní: ọgbọ́n àwọn onílù

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni pé ìgbì tí ó ṣe é lò nínú afẹ́fẹ́ kò pọ̀. Bí onílù dùndún méjì bá ń lu ìlù nínú agbo ilé kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ wọn yóò dàrú mọ́ ara wọn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá wà ní Ìlobù tí èkejì sì wà ní Ẹdẹ, wọ́n lè jọ lu ìlù kan náà láìdí ara wọn lọ́wọ́. Ọgbọ́n yìí ni àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ Bell ní Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ ní ọdún 1947: kí a pín ilẹ̀ sí ẹkùn kéékèèké, kí ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní òpó tirẹ̀, kí òpó tí ó jìnnà sí ara wọn sì máa lo ìgbì kan náà.

Ó pẹ́ kí ẹ̀rọ tó bá ọgbọ́n yẹn. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 1973 ni Martin Cooper fi fóònù tí a ń fi ọwọ́ gbé sọ̀rọ̀ ní New York. Ní ọdún 1979, Tokyo ní Japan bẹ̀rẹ̀ ìran kìíní fún gbogbo ènìyàn. Ní ọdún 1981, àwọn orílẹ̀-èdè àríwá Yúróòpù tẹ̀lé e. Nínú ìran yìí, ohùn ènìyàn gan-an ni ìgbì ń rù bí ó ti rí, ẹni tí ó bá sì ní ẹ̀rọ tí ó lè gbá ìgbì náà mú lè gbọ́ àṣírí ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì ni ó ń ṣe tirẹ̀. Fóònù ibi kan kì í sábà ṣiṣẹ́ ní ibòmíràn.

Ní Nàìjíríà, okùn tẹlifóònù 18,724 péré ni ó wà nígbà tí a gba òmìnira ní ọdún 1960. Wọ́n dá NITEL sílẹ̀ ní ọdún 1985. Láàárín ọdún 1990 sí 1995 ni fóònù alágbèéká ìran kìíní yọjú ní Èkó, àwọn olówó nìkan ni ọwọ́ wọn sì tó o.

Ìran kejì: ohùn di òǹkà

Ní ọdún 1982, àwọn ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ àti tẹlifóònù Yúróòpù dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ kí fóònù kan ṣoṣo lè máa ṣiṣẹ́ ní gbogbo ilẹ̀ wọn. Orúkọ ìgbìmọ̀ náà ni ó bí GSM. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1987, orílẹ̀-èdè 13 fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Copenhagen. Ní ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 1991, wọ́n fi GSM sọ̀rọ̀ ní Finland.

Ohun tí ó jẹ́ tuntun nínú rẹ̀ ni pé ohùn di òǹkà. Ẹ̀rọ a gé ohùn wẹ́wẹ́, a sọ ọ́ di òdo àti ọ̀kan, a wá dì í ránṣẹ́. Fóònù ti ẹni kejì a sì tún un tò di ohùn. Nítorí pé ó ti di òǹkà, ènìyàn mẹ́jọ lè jọ máa lo ìgbì kan ṣoṣo, bí ọmọ mẹ́jọ ti ń bu òkèlè nínú àwo kan náà ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Ọwọ́ wọn yá tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé òun ń dúró de ẹlòmíràn.

Ìran kejì yìí ni ó dé ọ̀dọ̀ wa. Láti ọjọ́ 17 sí ọjọ́ 19 oṣù kìíní ọdún 2001, àjọ NCC fi ìwé àṣẹ GSM ṣe gbàǹjo. Mílíọ̀nù 285 owó dọ́là ni iye ìwé àṣẹ kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún náà ni MTN àti Econet bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìṣẹ́jú ni wọ́n fi ń ka owó nígbà náà, bí ọ̀rọ̀ ẹni kò tilẹ̀ ju ‘ẹ kú iṣẹ́’ lọ. Àwọn ọ̀dọ́ ta agbòjò sí ẹ̀bá títì, wọ́n ń ta ìpè fún ẹni tí kò ní fóònù. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2003 ni Glo dé, tí ó ń ka owó ní ìṣẹ́jú-àáyá. Kò sì pẹ́ tí àwọn yòókù fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Àpótí 160 àti lẹ́tà Yorùbá

Nínú ìlànà GSM yìí kan náà ni ohun kan fara sin sí tí ó kan èdè Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Òun ni àtẹ̀jíṣẹ́.

Ní ọdún 1985, Friedhelm Hillebrand, ará Jámánì kan tí ó wà nínú ìgbìmọ̀ GSM, jókòó, ó tẹ oríṣiríṣi gbólóhùn, ó sì ka iye lẹ́tà àti àlàfo tí ó wà nínú wọn. Ó rí i pé púpọ̀ nínú wọn kò tó 160. Ààyè tí ó wà fún àtẹ̀jíṣẹ́ kan jẹ́ bíìtì 1,120. Bí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bá gba bíìtì 7, lẹ́tà 160 ni yóò gbà. Ṣùgbọ́n bíìtì 7 kò lè ya ju àmì 128 lọ sọ́tọ̀. Nítorí náà, ìgbìmọ̀ ní láti yan àmì 128 péré tí yóò wọlé.

Àwọn wo ni ó wọlé? A, B, C wọlé, àti nọ́ńbà. Lẹ́tà Jámánì wọlé, ti Sweden àti ti Denmark wọlé. Lẹ́tà ńlá 10 ti èdè Gíríìkì wọlé. Nínú àwọn fáwẹ̀lì olóhùn tiwa, à, è, é, ì, ò àti ù rí àyè, nítorí pé àwọn èdè Yúróòpù ń lò wọ́n. Ṣùgbọ́n á, í, ó àti ú kò sí níbẹ̀. Ẹ, ọ àti ṣ kò sì sí níbẹ̀ rárá.

Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ó bá fẹ́ kọ Yorùbá bí ó ti yẹ? Ní kété tí ọ̀kan ṣoṣo nínú àmì tí kò sí nínú 128 bá wọ inú àtẹ̀jíṣẹ́, gbogbo rẹ̀ pátá yóò bọ́ sí ọ̀nà kejì, níbi tí àmì kọ̀ọ̀kan ti ń gba bíìtì 16. Ẹ pín 1,120 sí ọ̀nà 16: 70 ni ó kù. Èyí tilẹ̀ kọ́ ni gbogbo rẹ̀, nítorí pé ọ̀ tàbí ẹ́ ń gba ààyè àmì méjì, ọ̀kan fún lẹ́tà, ọ̀kan fún ohùn orí rẹ̀. ‘Ọkọ̀ ti bàjẹ́’ jẹ́ lẹ́tà 9 àti àlàfo 2 lójú wa. 13 ni ẹ̀rọ kà á sí. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí ó ní lẹ́tà 100, tí a kò fi àmì sí, owó ẹyọ kan ni a ó san lórí rẹ̀. Bí a bá fi àmì sí i, ó kéré tán, owó ẹyọ méjì.

Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé àwọn ènìyàn ju àmì sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á sọ pé ìyá tí a mẹ́nu kàn lẹ́ẹ̀kan rí ọ̀rọ̀ yìí gbà lórí fóònù rẹ̀: ‘Oko ti baje.’ Ṣé oko ni ó bàjẹ́, tí ó yẹ kí ó múra àtilọ wò ó? Ṣé ọkọ́ ni, kí ó ra òmíràn? Ṣé ọkọ̀ ni, tí ọmọ rẹ̀ jókòó sí ojú ọ̀nà? Tàbí ọkọ rẹ̀ ni ọmọbìnrin rẹ̀ ń fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn? Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni ìlànà ti sọ di ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni ó ń bá akẹ́kọ̀ọ́ wí pé ọ̀lẹ ni wọ́n tí wọn kò fi fi àmì sí Yorùbá. Ọ̀lẹ lè wà nínú rẹ̀; ṣùgbọ́n ìran kan dàgbà lórí fóònù tí ó ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tí ó bá kọ ọ́ dáadáa.

Kì í ṣe pé ìgbìmọ̀ náà kórìíra Yorùbá. Wọn kò rántí rẹ̀ ni, nítorí pé kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ níbẹ̀. A kò sì lè sọ pé Yorùbá kò ní àkọtọ́ tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ nígbà náà: ọdún 1974 ṣáájú ọdún 1985. Ẹ wo bí ó ti rí fún àwọn mìíràn. Ní nǹkan bí ọdún 2008, àwọn tí ń tọ́jú ìlànà náà ṣe àyè àkànṣe fún lẹ́tà èdè Tọ́kì, ti Spéènì àti ti Pọtogí. Lẹ́yìn náà ni èdè mẹ́wàá tí a ń sọ ní Íńdíà àti àyíká rẹ̀ wọlé, títí kan Híńdì, Bẹ̀ǹgálì àti Támílì. Yorùbá kò sí lára wọn.

Ìran kẹta àti ìran kẹrin

Ìran kejì mọ ohùn gbé, ṣùgbọ́n ó lọ́ra bí ó bá di ti ìwé àti àwòrán. GSM àkọ́kọ́ kò lè gbé ju bíìtì 9,600 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àwòrán tí ó wọn bíìtì 8,000,000 yóò gbà á tó ìṣẹ́jú 14. Ìran kẹta, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Japan ní ọdún 2001, lè gbé mílíọ̀nù 2, ìyẹn ni pé ìṣẹ́jú-àáyá 4 ni àwòrán kan náà yóò gbà bí kò bá sí ìdíwọ́.

Ọgbọ́n tirẹ̀ yàtọ̀. Kò ní kí ènìyàn máa bu òkèlè ní tẹ̀léǹtẹ̀lé mọ́. Ó ní kí gbogbo wọn sọ̀rọ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n kí kálukú ní àmì ìdánimọ̀ tirẹ̀. Ó dà bí ọjà tí Yorùbá, Hausa, Ígbò àti Tápà ti ń ná ọjà lẹ́ẹ̀kan náà: ariwo pọ̀, ṣùgbọ́n etí ọmọ Yorùbá a máa ṣa Yorùbá jáde nínú rẹ̀. Ní ọdún 2007 ni NCC fúnni ní àṣẹ ìran kẹta ní Nàìjíríà.

Ìran kẹrin bẹ̀rẹ̀ ní Stockholm àti Oslo ní ìparí ọdún 2009. Ó gé ẹrù sí wẹ́wẹ́, ó sì pín in fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ alábàárù lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú ọ̀nà wọn tóóró, ṣùgbọ́n wọ́n pọ̀. Nínú rẹ̀, ohùn pàápàá di ẹrù bí àwọn ẹrù yòókù. Ilẹ̀ Yorùbá kò gbẹ́yìn nínú èyí: Ìbàdàn ni ilé iṣẹ́ Smile ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ọdún 2013. Àǹfààní ńlá kan sì wà fún èdè. Ọ̀rọ̀ tí ó bá gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ kì í wọ inú àpótí 160. A lè fi gbogbo àmì sí i láìsan owó ìtanràn.

Ìran karùn-ún: ìdí tí kò fi tètè dé ìgbèríko

South Korea àti Amẹ́ríkà gbé ìran karùn-ún jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2019. Bíìtì bílíọ̀nù 20 ní ìṣẹ́jú-àáyá ni ITU fi ṣe góńgó rẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 2021, NCC ṣe gbàǹjo ìgbì rẹ̀. MTN àti Mafab ni ó gbà á, mílíọ̀nù 273.6 owó dọ́là ni kálukú sì san. MTN bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2022, Airtel tẹ̀lé e ní ọdún 2023.

Kí ni ó dé tí kò fi tíì kárí? Ìwà ìgbì ni. Ìgbì GSM tí ó wà ní 900 megahertz a máa rìn jìnnà, a sì máa gba ara ògiri wọlé. Ìgbì ìran karùn-ún tí a gbé gbàǹjo wà ní 3,500 megahertz. Ó lè ru ẹrù púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í rìn jìnnà, ògiri a sì máa dá a dúró. Ibi tí òpó kan tó tẹ́lẹ̀ yóò fẹ́ ọ̀pọ̀ òpó, òpó kọ̀ọ̀kan yóò sì fẹ́ iná. Ilé iṣẹ́ tí ó fẹ́ rí èrè yóò kọ́kọ́ lọ sí ibi tí owó pọ̀ sí. Èyí ni ó fà á tí Èkó fi ń ṣáájú tí ìlú bí Ìlobù àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, pẹ̀lú àwọn abúlé wọn, fi ń tẹ̀lé e lẹ́yìn.

Àkọsílẹ̀ NCC ti ọdún 2025 fi hàn bẹ́ẹ̀. Ìran kẹrin gba nǹkan bí ìdajì gbogbo ìlà fóònù. Ìran kejì ṣì ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Ìran karùn-ún kò tó ìdá kan nínú ogún. Ẹni tí ó ń tẹ àmì ìràwọ̀ àti nọ́ńbà láti fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù kékeré, ohun tí a fi sínú ìlànà GSM ni ó ń lò. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ti pa ìran kẹta ní ọdún 2022. Ọjọ́ tí a bá fẹ́ pa ìran àtijọ́ níbí, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bèèrè pé kí ni alátẹ ata tí fóònù rẹ̀ kò mọ ju ìran kejì lọ yóò fi gba owó.

Ìran kẹfà: àga ta ni ó ṣófo?

Ní ọdún 2023, ITU fi ọwọ́ sí ìwé tí ó la ọ̀nà sílẹ̀ fún ìran kẹfà, tí wọ́n ń fojú sí ní nǹkan bí ọdún 2030. Iṣẹ́ mẹ́fà ni ìwé náà kà fún un. Ọ̀kan nínú wọn ni pé kí ìbánisọ̀rọ̀ dé ibi gbogbo, títí kan ibi tí kò tíì dé rí. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ṣùgbọ́n inú àlàyé ni iṣẹ́ wà, inú 3GPP ni a sì ti ń kọ àlàyé. Ẹgbẹ́ méje ni ó jẹ́ òpómúléró rẹ̀: méjì láti Japan, àti ọ̀kọ̀ọ̀kan láti China, South Korea, Íńdíà, Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Kò sí ọ̀kan láti Áfíríkà.

Nàìjíríà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ITU, NCC sì ń lọ sí ìpàdé rẹ̀. Èyí dára, ṣùgbọ́n kò tó. Oníṣẹ́ ẹ̀rọ kò lè jà fún lẹ́tà tí kò mọ̀ pé ó sọnù. Àwọn tí ó mọ̀ ni àwọn olùkọ́ èdè, àwọn yunifásítì, àti Ẹgbẹ́ Akọ́mọlédè. Ó yẹ kí wọ́n kọ ohun tí Yorùbá fẹ́ sílẹ̀ ní kedere: iye lẹ́tà rẹ̀, iye ohùn rẹ̀, bí ẹ̀rọ yóò ṣe tẹ̀ ẹ́ àti bí yóò ṣe kà á, kí wọ́n sì gbé e fún àwọn tí ń ṣojú wa kí àdéhùn tó dì. Iṣẹ́ kan sì wà tí olùkọ́ kò gbọ́dọ̀ fi falẹ̀: kí ó fi han akẹ́kọ̀ọ́ pé nínú ọ̀rọ̀ tí ó bá gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ, kò sí ìtanràn mọ́ lórí àmì, kí ó sì máa fi àmì sí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tí ó bá ń kọ̀wé sí wọn.

Àwọn tí ó jókòó ní Èkó ní ọdún 1875 kò dúró kí ẹlòmíràn wá bá wọn pinnu bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá. Àwọn ará Tọ́kì kò dákẹ́ lórí èdè tiwọn. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Bí olórí kò bá sì lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fá orí, ohun tí abẹ bá ṣe fún un ni yóò gbé rìn títí ìran mìíràn yóò fi dé.